Ìlù báǹdì ló ń gbé yàrá kọ́ńsẹ́lọ̀ wa: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yorùbá

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, kọmíṣánnà ètò ẹ̀kọ́ ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ má bínú pé mo kọ ọ́ síta gbangba báyìí. Tísà ni mí, mo mọ ọ̀nà tí lẹ́tà tísà máa ń rìn kó tó dé ọ́fíìsì yín, á kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ pírínsípà, á dé zonal, á dé ọwọ́ akọ̀wé, ibì kan níbẹ̀ ló máa sùn sí. Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé mi, owó oṣù ni mo fi ń jẹun. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ilé ìwé girama ìjọba ni, ní apá Ẹ̀gbá, pé Yorùbá ni mo ń kọ́ wọn láti JS1 dé SS3, àti pé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn èmi náà ni kọ́ńsẹ́lọ̀ ilé ìwé, ẹni tó yẹ kó máa gbọ́ tẹnu àwọn ọmọ kó sì máa gbà wọ́n nímọ̀ràn.

Ẹ má bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ, mi ò kọ́ ọ níbì kankan. Ìyá tó kàwé ẹ̀ tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ fẹ̀yìn tì, wọn ò gba ẹlòmíì. Lọ́jọ́ ìpàdé àwa tísà, pírínsípà wo ojú wa yíká, ó ní "Madam Yorùbá, ẹ̀yin lẹ ní sùúrù jù nínú wa," gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n kọ G and C, ìyẹn Guidance and Counselling, sí iwájú orúkọ mi, ó parí. Wọn ò yọ píríọ́dù kan ṣoṣo kúrò lọ́rùn mi. Píríọ́dù méjìlélógún ni mò ń kọ́ lọ́sẹ̀, ẹ wá fi ìwé tí mo ń máàkì kún un, ẹ fi dúútì ọ̀sẹ̀ kún un, àwọn ọmọ tó yẹ kí n máa gbọ́ tẹnu wọn sì lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn kọ́ńsẹ́lọ̀ ilé ìwé wọn ní ọmọ 250 ló yẹ kó wà lọ́rùn kọ́ńsẹ́lọ̀ kan, wọ́n sì ń pariwo pé ọ̀pọ̀ ibi ni ò tíì dé bẹ̀. Mi ò tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ fi wá wé Amẹ́ríkà, ẹ ò ní ríran wò ó.

Yàrá kọ́ńsẹ́lọ̀ wà o, ká má purọ́ mọ́ ìjọba. Wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ GUIDANCE AND COUNSELLING sára ilẹ̀kùn ẹ̀. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ṣí i, ìlù báǹdì ilé ìwé lẹ máa bá níbẹ̀, èyí tó tóbi jù ti bẹ́ lójú kan, àwọn àga tí ẹsẹ̀ wọn ti kán, àsíá pupa àti àwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà mọ́ igi lọ́jọ́ inter-house, pẹ̀lú àpò sìmẹ́ǹtì kan tó ti di òkúta láti ìgbà tí mo ti débẹ̀. Gémù máásítà ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá ti lọ sí báńkì, ó di ọjọ́ kejì nìyẹn.

Torí náà, ọmọ tó bá fẹ́ rí kọ́ńsẹ́lọ̀, sítááfù rúùmù ló máa wá. Àwa mọ́kànlá la wà nínú ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ọmọ kan fún yín. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀, ìdí tí mo fi ń ṣọ́ra tó bẹ́ẹ̀ ẹ ó rí i níwájú. SS3 ni. Ọmọ gíga, ẹ̀yìn níbi ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí, kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n tá a bá dé orí oríkì àti òwe, òun ló máa ń kọ́kọ́ nawọ́. Lọ́jọ́ Thursday kan lẹ́yìn bíréèkì ó wá bá mi nídìí tábìlì. Tísà Biology ń jẹ ẹ̀bà lápá ọ̀tún mi, àwọn méjì kan ń jà lórí owó kọ́púrátíìfù lápá òsì, Vice Principal dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú pàṣán tó ń wá àwọn tó pẹ́ wọlé. Ọmọ yìí dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní ẹ káàsán mà. Mo ní "kí lo fẹ́?" mi ò gbójú sókè, máàkì C.A. ni mò ń kọ. Kò dáhùn. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ ni mo wá gbójú, mo rí i tó ń wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo pàṣán yẹn. Ó wá ní:

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ìtumọ̀ òwe yẹn, ikú yá ju ẹ̀sín?"

Inú mi dùn! Ẹ wò ó, inú mi dùn gan-an ni. Láyé TikTok yìí, ọmọ fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá béèrè òwe lọ́wọ́ mi, mo wo àwọn tísà tó kù bíi kí wọ́n gbọ́. Mo gbé báírò sílẹ̀, mo ṣàlàyé ẹ̀ fún un bí ẹni ń dáhùn ìbéèrè WAEC, mo ní àwọn baba wa ò fi ọ̀rọ̀ iyì ṣeré, mo ní nígbà àtijọ́ tí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì bá ti kọ Aláàfin, wọ́n á gbé igbá òfìfo fún un tàbí ẹyin odídẹrẹ́, ọba náà ti mọ ohun tó kàn án láti ṣe. Mo ní ó yé ọ? Ó ní ó yé mi mà. Ó ní ẹ ṣé mà. Ó lọ.

Ó ti di ọdún méjì báyìí, mo ṣì ń gbọ́ "ó yé mi mà" yẹn lóru.

Monday tó tẹ̀ lé e, kò wá. Tuesday, ìyá ẹ̀ wọlé sí ilé ìwé, fùfú ló ń tà, ó ṣì wọ épúrọ̀n iṣẹ́ ẹ̀. Ó ti kó àjọ, ó fún ọmọ lówó fọ́ọ̀mù JAMB pẹ̀lú owó lẹ́sìn, ọmọ fi ta béètì pé òun máa sọ ọ́ di ìlọ́po, kó lè ra nǹkan fún ìyá ẹ̀ náà, alẹ́ méjì péré owó ti tán. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ní alẹ́ Sunday ó mú àpò láílọ́nù kan, ó fi ilé sílẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n rí i ní gáréèjì ní Ṣàgámù. Agbèrò kan ló rí i tó jókòó sórí táyà láti àárọ̀, ó ra búrẹ́dì fún un, ó bi í pé "kí ló dé, àbúrò?" ọmọ ò dáhùn, agbèrò lọ, ó padà wá, ó tún bi í, ó jókòó tì í títí ọmọ fi bú sẹ́kún tó sì tú gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, òun ló gba nọ́ńbà ìyá ẹ̀ tó pè é. Agbèrò o. Òun ló ṣe iṣẹ́ tí wọ́n kọ sí iwájú orúkọ mi.

Ẹ rò pé ó parí síbẹ̀ ni? Ọmọ padà wá sí ilé ìwé. Ìwé ńlá kan wà tí wọ́n ní kí kọ́ńsẹ́lọ̀ máa kọ gbogbo ẹjọ́ sí, mo kọ ọ́, béètì, iye owó, Ṣàgámù, gbogbo ẹ̀, mo dá ìwé padà sí ọ́fíìsì níbi tó máa ń wà, lórí tábìlì, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí i. Ní àsẹ́ńbílì Friday wọ́n pè é jáde. Wọ́n fi máíkì ka ohun tí mo kọ. Wọ́n ní kí àwọn tó kù wo ọmọ béètì dáadáa, gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín, wọ́n nà án ní ẹgba mẹ́fà. Láti ọjọ́ yẹn kò wá sí ilé ìwé mọ́. Iṣẹ́ wíńdò alùmíníọ̀mù ló ń kọ́ báyìí, mo kọjá ní ṣọ́ọ̀bù wọn lóṣù tó kọjá, ó ní ẹ kú iṣẹ́ mà, ó ń rẹ́rìn-ín, èmi ni mi ò lè wo ojú ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, òun ni mo tìtorí ẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Mo mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kọ́ńsẹ́lọ̀, owó lẹ máa kọ́kọ́ rò, màá dé orí owó. Ṣùgbọ́n nǹkan àkọ́kọ́ tí mo ń bẹ̀ yín fún ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ bá wa ṣòfin pé ohun tí ọmọ bá sọ fún kọ́ńsẹ́lọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsẹ́ńbílì. Pé ìwé yẹn, inú kọ́bọ́ọ̀dù tó ní kọ́kọ́rọ́ ló máa wà, kọ́ńsẹ́lọ̀ nìkan ló máa ṣí i, àfi tí ẹ̀mí ọmọ bá wà nínú ewu tàbí tí ẹnì kan bá ń fi ọwọ́ kan ọmọ níbi tí kò yẹ, ìyẹn ló lè jáde, síbẹ̀ ẹni tó lè gba ọmọ sílẹ̀ ló máa gbọ́, kì í ṣe gbogbo ìlà. Àwọn baba wa mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá lọ dá Ifá kì í ro ẹjọ́ ẹ̀ fún babaláwo, owó ló máa mú, á gbé e súnmọ́ ẹnu, á sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i, á fi í lélẹ̀, babaláwo ò ní gbọ́ ohun tó sọ. Ìjọ Àgùdà náà ní ibi tí wọ́n ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, fádà ò gbọdọ̀ tú u fún ẹnikẹ́ni títí ọjọ́ ikú ẹ̀. Ó wá jẹ́ pé ilé ìwé tiwa ni wọ́n ti ń fi máíkì ka àṣírí ọmọ láàárín orin orílẹ̀-èdè àti àdúrà.

Èkejì ni pàṣán. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ pàṣán máa dá ìjà sílẹ̀, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ máa kà á náà ti ń múra pé wọ́n nà yín ẹ ò kú, mi ò bá yín jà lónìí, ọjọ́ mìíràn. Ohun tí mo ń sọ ni pé kọ́ńsẹ́lọ̀ ò gbọdọ̀ mú pàṣán dání rárá. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń nà wọ́n ní àárọ̀ lẹ́nu géètì torí èmi ni mo wà ní dúútì, kó wá di aago kan ọ̀sán kí ọmọ tí ọwọ́ ẹ̀ ṣì ń wú wá sọ fún mi pé bàbá òun ti ń mu ọtí jù nílé? Ta ló máa ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin, ṣé ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹ rántí ọdún 2025. Èsì JAMB jáde ní May, nínú nǹkan bíi 1.9 mílíọ̀nù ọmọ tó ṣe é, àwọn tó lé ní 1.5 mílíọ̀nù ni ò gba tó 200 nínú 400, orí ẹ̀rọ ayélujára gbóná, àwọn àgbàlagbà ń sọ pé àwọn ọmọ ìsìnyí ò kàwé, fóònù ló bà wọ́n jẹ́, èmi náà sọ ọ́. Ó wá di ọjọ́ 14 oṣù yẹn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Ọlóyèédé, ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà, ọmọ Abẹ́òkúta tiwa níbí, dúró níwájú àwọn oníròyìn, ó ní àṣìṣe ti ọ̀dọ̀ àwọn wá, ó sunkún níta gbangba. Ọmọ 379,997 ni wọ́n ní kó tún un ṣe, ní Èkó àti ìpínlẹ̀ márààrún ilẹ̀ Ìgbò. Ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ ẹkún yẹn, ìròyìn ti jáde pé ọmọbìnrin kan ti gba ẹ̀mí ara ẹ̀ lórí máàkì tó rí. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin tó lè sunkún pé òun ṣàṣìṣe, a ò rí irú ẹ̀ púpọ̀ nílùú yìí, àmọ́ ta ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ láàárín ọjọ́ tí èsì jáde sí ọjọ́ tí ó sunkún? Ìpínlẹ̀ Ògùn ò sí lára àwọn tó tún un ṣe, síbẹ̀ odidi ọ̀sẹ̀ kan ni àwọn ọmọ wa fi ń tò wá bá mi, "mà, ṣé tiwa náà ò ní jẹ́ àṣìṣe?" kí ni mo fẹ́ sọ?

Ó tún di August, WAEC. Wọ́n ní 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún ló gba kirẹ́díìtì márùn-ún pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, kó tó pé ọ̀sẹ̀ kan wọ́n ní ẹ má bínú, àṣìṣe ni, 62.96 ni. A ti wà ní hólídè nígbà yẹn. Ọmọbìnrin kan nínú kíláàsì mi fi àwòrán èsì ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní aago mọ́kànlá alẹ́, F9 nínú Ìṣirò, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i, àwòrán nìkan. Mo wò ó títí. Mo tẹ "pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n," mo fi àwòrán ọwọ́ àdúrà méjì sí i, mo pa dátà, mo sùn. Ẹ ò rí kọ́ńsẹ́lọ̀ yín? Ọlọ́run ló yọ mí, ìyá ẹ̀ ò sùn lóru yẹn, ó jókòó tì í, nígbà tí èsì yí padà ó di C5. Àwọn tí ìyá wọn sùn ńkọ́, àbí àwọn tí kò sí ìyá nílé?

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ ló ń tọ́jú. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ Ṣàgámù yẹn mo lọ bá a nílé, mo sunkún, ó jẹ́ kí n sunkún tán, ó wá kọ́ mi ní nǹkan kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ́ mi rí láti ọdún kẹtàdínlógún tí mo ti ń ṣe tísà. Ó ní tí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ yíká ikú, bi í léèrè. Bi í tààrà, ní ohùn jẹ́jẹ́, ṣé o ti ń rò ó pé kó o pa ara ẹ? Mo ní háà, ṣé mi ò ní fi sí i lọ́kàn ni? Ó ní rárá, ìbéèrè yẹn kì í fi ìrònú ikú sọ́kàn ẹnì kankan, tó bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńṣe ló máa fún un láyè láti sọ ọ́, ẹ̀rù ti ń bà á tipẹ́ pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ. Ó ní má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, má bá a jiyàn, má wàásù fún un, bá a wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Ọ̀rọ̀ tí kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ láti fi kọ́ mi. Ká ní mo ti mọ̀ ọ́n ni, Thursday yẹn mi ò ní máa fi ẹyin odídẹrẹ́ dá ara mi lára yá.

Ó tún sọ nǹkan kan tí mi ò tíì gbé kúrò lọ́kàn, ó ní àwọn ọmọ kì í sábàá sọ pé inú àwọn bàjẹ́. Orí á máa fọ́ wọn ní gbogbo Monday. Inú á máa run wọ́n. Ẹni tó máa ń ṣe dáadáa á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní kíláàsì, oníwà jẹ́jẹ́ á máa jà. Àwa máa ní ó ti ń yàyàkuyà, òbí á ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n á gbé e lọ sórí òkè. Mi ò ní kí wọ́n má gbàdúrà o, èmi gan-an kì í pa vigil jẹ. Ṣùgbọ́n wòlíì tó bá ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ní ẹ̀mí òkùnkùn torí pé kì í jẹun láti ìgbà tí bàbá ẹ̀ ti kú, ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ẹ̀sín tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí lọ́nà mìíràn. Ní ilé ìwé wa, ọmọ tí wọ́n bá rí lọ́dọ̀ mi, tó bá padà dé kíláàsì wọ́n á ní "Àrò! Àrò!" Gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn, ẹni tí orí ẹ̀ bá dàrú là ń ní kí wọ́n gbé lọ sí Àrò, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta. Ó dùn mí, torí a ò jìnnà sí ibẹ̀. Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta ni, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àrò ní 1954, kò kàn ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n sí inú abúlé tó wà nítòsí, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, mọ̀lẹ́bí wọn á bá wọn wá, wọ́n á lọ gba ìtọ́jú, wọ́n á padà sáàárín èèyàn. Àwọn òyìnbó wá kọ́ ọgbọ́n yẹn lọ́dọ̀ ẹ̀, ó di igbá kejì ọ̀gá àgbà ní WHO, àjọ ìlera àgbáyé. Àwa tá a bí i, èébú la fi orúkọ ibẹ̀ ṣe. Tẹ́ ẹ bá ń wá ohun tí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ nínú Civic, ẹ fi èyí sí i.

Òfin náà ti ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ní January 2023 ni Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, tí wọ́n fi rọ́pò èyí tí wọ́n ń pè ní Lunacy Act ti 1958, ẹ gbọ́ orúkọ yẹn ná. Ṣùgbọ́n nínú Criminal Code, abala 327, ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara ẹ̀ tí kò kú, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ló wà nílẹ̀ dè é. Èkó ti tún tiwọn ṣe láti 2011, ilé ìwòsàn ni kóòtù máa ní kí wọ́n gbé e lọ. Ìyá kan tí ọmọ ẹ̀ gbìyànjú irú ẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni lóru, irọ́ ló pa fún wọn pé oúnjẹ ló bà á nínú jẹ́, torí wọ́n ti sọ fún un pé ọlọ́pàá máa mú un. Ẹ bá wa bá àwọn gómìnà sọ ọ́.

Ó wá kan owó. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní kò sí owó láti gba òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan tuntun la ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ní 1959, àwọn sístà ní St. Theresa's College ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, pe àwọn oníṣẹ́ oríṣiríṣi jọ kí wọ́n wá bá àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ parí ìwé sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń tọ́ka sí pé iṣẹ́ kọ́ńsẹ́lọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé ìwé ní Nàìjíríà. Ilẹ̀ wa níbí ló ti ṣẹ̀! Ní 1976 ni ẹgbẹ́ àwọn kọ́ńsẹ́lọ̀ Nàìjíríà dá sílẹ̀, ètò ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè sì ní kí wọ́n yan kọ́ńsẹ́lọ̀ sí ilé ìwé girama. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ wọn, Ìlọrin ń kọ́ wọn, Tai Solarin ní Ìjagun ń kọ́ wọn, ọdọọdún ni wọ́n ń jáde. Níbo ni wọ́n wà? Mo mọ ọ̀kan tó ń ṣe POS lẹ́yìn ọjà wa. Mo mọ òmíràn tí ẹ gbà síṣẹ́, ẹ̀yin lẹ gbà á, ẹ wá fi í síbi tó ti ń kọ́ Social Studies.

Tí ẹ ò bá lè fún ilé ìwé kọ̀ọ̀kan ní ọ̀kan, ẹ fi ọ̀kan sáàárín ilé ìwé mẹ́ta tó súnmọ́ra, kó máa yí wọn ká, kó má kọ́ iṣẹ́ kankan, kí àwọn ọmọ mọ ọjọ́ tó ń bọ̀. Àwa tí wọ́n fipá fi jẹ kọ́ńsẹ́lọ̀, ẹ yọ ìdajì píríọ́dù wa, kẹ́ ẹ sì kó wa jọ ní hólídè fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ pe irú ẹ̀gbọ́n mi yẹn wá, àti àwọn tó ń kọ́ nípa ìlera ọpọlọ ọmọdé ní Yunifásítì Ìbàdàn, odidi ibùdó ni wọ́n ní níbẹ̀ fún un. Ẹ fún wa ní ìwé kan tí nọ́ńbà wà nínú ẹ̀, ẹni tá a lè pè ní ìpínlẹ̀ wa tí ọ̀rọ̀ bá ju agbára wa lọ. Báyìí, tí ọmọ bá sọ fún mi lónìí pé òun fẹ́ kú, mi ò mọ ẹni tí màá pè yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi, òun náà sì máa ń wà ní night duty.

Èmi náà ti ń ṣe ìwọ̀nba tí mo lè ṣe. Mo ra kọ́kọ́rọ́ tuntun fún kọ́bọ́ọ̀dù mi, ₦3,500. Mo sọ fún Vice Principal pé mi ò na ọmọ mọ́, ó wò mí bíi pé mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ẹ̀sìn padà. Tí ọmọ bá wá bá mi ní sítááfù rúùmù, mo máa ń ní "tẹ̀ lé mi ká lọ gbé ìwé," a ó wá dúró lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn lábù, àfi tí òjò bá ń rọ̀. Òwe yẹn, mo ṣì ń kọ́ wọn torí ó wà nínú sílábọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n mo máa ń bi wọ́n pé ta ló ń fi ta ni ṣẹ̀sín nínú òwe yìí, kí ló dé tí wọn ò sọ fún onítọ̀hún pé kó yé rẹ́rìn-ín. Ariyanjiyan tó máa ń jáde nínú ìyẹn, ẹ ò ní gbàgbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá èmi àti àwọn ọmọ SS2 mẹ́rin kó ìlù yẹn jáde sí kọ̀rọ́dọ̀, gémù máásítà ò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látọjọ́ yẹn. Àga méjì la rí tó lè dúró. Àpò sìmẹ́ǹtì la ò lè gbé, a da aṣọ bò ó, àwọn kan ń jókòó lé e. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rán ẹnikẹ́ni wá wò ó, Wednesday ló dáa jù, mi ò ní píríọ́dù lẹ́yìn bíréèkì. Kó kanlẹ̀kùn kó tó wọlé o, ó lè jẹ́ pé ọmọ kan wà nínú ẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Madam Yorùbá